Adékúnlé Fájuyì àti Àwọn Ọ̀gá Rẹ̀, 1943 sí 1966

Orúkọ Adékúnlé Fájuyì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé Adó-Èkìtì rí, tàbí tí ó bá ti sùn nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi sọrí rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń rántí ọkùnrin náà: òru tí ó mọ́ ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wá mú ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gágun Àgbà Johnson Aguiyi-Ironsi, nínú Ilé Ìjọba ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì mú òun náà pẹ̀lú rẹ̀. N kò fẹ́ bu òru náà kù rárá. Síbẹ̀, ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru náà ní láti mọ̀ nípa ọdún mẹ́tàlélógún tí ó ṣáájú rẹ̀. Láti 1943 tí Fájuyì ti wọ iṣẹ́ ológun títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹni tí ó wà ní òkè pátápátá nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó di ọmọ Igbo. Iṣẹ́ ṣíṣe lábẹ́ ọ̀gá tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ sí tẹni ni ó kọ́ Fájuyì ní púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀, òun náà ni ó sì gbé e dé ibi tí ó kú sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà "ọ̀gá" wò, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, ọmọ tí a bá fà lé alágbẹ̀dẹ tàbí agbẹ́gilére lọ́wọ́ ti ní ọ̀gá. Ilé ọ̀gá ni ó ń sùn, oúnjẹ ọ̀gá ni ó ń jẹ. Bí àìsàn bá ṣe é, ọ̀gá ni yóò wá oògùn. Bí ó bá ṣẹ̀, ọ̀gá ni yóò nà án. Ní ọjọ́ tí ó bá sì kọ́ iṣẹ́ tán, ọ̀gá ni yóò súre fún un níṣojú àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ jẹ ọ̀gá ní gbèsè, ọ̀gá náà sì jẹ ọmọ-iṣẹ́ ní gbèsè. Ìwọ̀fà pàápàá, tí ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé owó tí a yá, mọ ibi tí agbára olówó mọ lórí òun, ó sì mọ ìgbà tí òun lè padà sí oko ara òun. Ọ̀gá tí òyìnbó mú wá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń san owó ní ìparí oṣù, ó sì gbà pé owó náà ti pa gbogbo gbèsè rẹ́. Kò mọ ìyá ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rò pé ó yẹ kí òun mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé èyí burú ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ ni ó sá kúrò nílé ọ̀gá tí ó mọ ìre sú ṣùgbọ́n tí kò fún ni ní oúnjẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe irú ọ̀gá méjèèjì, ọ̀pọ̀ àìgbọ́ra-ẹni-yé sì ti ibẹ̀ wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ojú rí bí ọ̀gá tuntun yìí ti wọ ilẹ̀ Èkìtì, kí ó wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ohun tí ó gbẹ́ sí i lára ni bí Ògògà ti gba Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òyìnbó náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn ni ó gbé e. Ọba jókòó, ó ń dúró dè é. Àwọn aláàárù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní Ìlú Ọba, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ́nù fẹ́ràn rẹ̀, Ògògà sì fi sílẹ̀ fún wọn, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní.

Nǹkan méjì ni mo rí lára ilẹ̀kùn náà. Èkíní ni àwọn aláàárù. Ọba àti òyìnbó ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ru ẹrù wọ̀nyí ni irú ènìyàn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó ní ilẹ̀ wa, Ọlọ́wẹ̀ kò sì gbàgbé wọn. Èkejì ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Lójú Ọlọ́wẹ̀, àlejò ni òyìnbó náà, ọba ni onílé. Ẹni tí yóò di ọ̀gá gbogbo Èkìtì, ẹnu ọ̀nà àlejò ni ó gbà wọlé, onílé ni ó sì jókòó gbà á. A ó tún padà bá ọ̀gá tí ó jẹ́ àlejò yìí pàdé ní Ìbàdàn.

Kò pẹ́ tí àlejò fi di ọ̀gá. Ní 1913 ni wọ́n sọ Èkìtì di ẹkùn kan, tí Adó sì di ibùjókòó òyìnbó tí ó ń ṣàkóso rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe irú òyìnbó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn létí Èkìtì, nítorí pé àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti jọba lé wọn lórí rí, títí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní 1878, tí ogun Kírìjì fi gbóná, tí a kò sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di 1886. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn gbọ́ èdè Yorùbá dáradára. Òǹkàwé yóò rí i pé gbígbọ́ èdè ara ẹni kò tó láti sọ ọ̀gá di ẹni ire, àìgbọ́ rẹ̀ kò sì tó láti sọ ọ́ di ẹni ibi.

Ní 1933, àlùfáà òyìnbó kan, Henry Dallimore, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Adó, èyí tí ó di Christ's School. Láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkìtì ti ń jáde di tíṣà àti akọ̀wé. Èyí ni ipò kejì lábẹ́ òyìnbó: aláàárù ti di akọ̀wé, ìwé ni ó wá ń rù dípò ẹrù. Irú ayé yìí ni a bí Fájuyì sí ní Adó ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1926. Ó ṣe tíṣà, ó sì ṣe akọ̀wé, kí ó tó fi àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1943 láti wọ iṣẹ́ ológun.

Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó ọmọ ogun jọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Adó tí ó wọ bárékè ní ọdún náà bá ẹrù méjì pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Òyìnbó ni gbogbo àwọn olórí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Glover ti kó àwọn Haúsá jọ ní Èkó ní 1863 ni èdè Haúsá ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun, òun ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kékeré títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun lásán. Nítorí náà, èdè ọ̀gá kọ́ ni èdè àwọn ẹgbẹ́ ẹni, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ èdè ìyá ọmọ Èkìtì nínú méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀ nítorí àwọn tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè láàrin wa. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka èdè Èkìtì, a kì í fi "ẹ" àti "ẹ̀yin" bọ̀wọ̀ fún àgbà gẹ́gẹ́ bí ará Ọ̀yọ́ ti ń ṣe. Ọmọ lè bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, kí ó sì jẹ́ pé lórí ìkúnlẹ̀, ohùn àti iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ ni a ó ti mọ̀ pé ó bọ̀wọ̀ fún un. Ará Ọ̀yọ́ tí kò bá mọ èyí a máa pe ọmọ Èkìtì ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ológun Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ gbàgbé "sà" lẹ́yìn gbólóhùn, kò sì jẹ́ gbàgbé ìkíni ọwọ́ níwájú orí. Ọmọ Èkìtì ti mọ̀ láti ilé pé ọ̀wọ̀ lè wà níbi tí ọ̀rọ̀ kò gbé fi í hàn. N kò rò pé ẹ̀kọ́ kékeré ni èyí fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ láàrin àjèjì.

Ẹ̀ka tí ń fi wáyà àti rédíò ránṣẹ́ ni Fájuyì wà, ó sì di sájẹ́ǹtì níbẹ̀. Ní 1951, wọ́n fún un ní mẹ́dà kan tí a ń pè ní British Empire Medal. Kì í ṣe ojú ogun ni ó ti gbà á. Ìṣọ̀tẹ̀ kan ni ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí oúnjẹ, Fájuyì sì wà lára àwọn tí ó bá wọn pa iná rẹ̀. Ìlà kan péré ni àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ máa ń fi sí i, wọn a sì kọjá lọ sí Kóńgò àti Ìbàdàn. Lójú tèmi, ó yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Kí ni oúnjẹ jẹ́ láàrin ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́? A ti sọ ọ́ lókè pé lọ́dọ̀ wa, òun ni gbèsè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá jẹ. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ebi ń pa òun kò ṣọ̀tẹ̀. Gbèsè ni ó ń bèèrè. Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí a ó fi fún un ní oúnjẹ, àwọn àgbà ilé yóò bá a wí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni wọn yóò kọ́kọ́ yí ojú sí. Nínú òfin ológun Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìwé ni a ti ń wọn oúnjẹ ọmọ ogun, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n kì í sì í bá wọn jẹ ẹ́. Bí inú bá bí wọn, ojú ọ̀nà wà tí wọn yóò gbà fi ẹ̀sùn sùn, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kékeré dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ńlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jùmọ̀ kọ̀ láti gba àṣẹ, ìṣọ̀tẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ìyà rẹ̀ sì burú. Ìwà kan náà ni. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó jẹ́ lójú ẹni tí ó ń hù ú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó jẹ́ lójú ọ̀gá.

Sájẹ́ǹtì ni ó wà láàrin méjèèjì. Kò ga tó láti jẹun pẹ̀lú àwọn olórí, kò sì rẹlẹ̀ tó láti máa kùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Bí ó bá gbe ọ̀gá lẹ́yìn pátápátá, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bí ó bá gbe àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa nìyẹn, ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì ní láti bẹ̀rù méjèèjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé mẹ́dà tí òyìnbó fi fún un fi hàn pé ti òyìnbó ni ó ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń fún ni ní mẹ́dà. Àwọn tí ebi ń pa kò ní mẹ́dà tí wọn yóò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ìyà ìṣọ̀tẹ̀ ìbá jẹ bí iná náà bá ràn? Kì í ṣe òyìnbó. Ẹni tí ó bá pa irú iná bẹ́ẹ̀ gba ọ̀gá lọ́wọ́ ìtìjú, ó sì gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Apá kan ṣoṣo ni ìwé ìjọba lè kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọdún 1954 ni wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olórí ogun ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Keje títí di oṣù Kọkànlá, ó sì padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi sọ sájẹ́ǹtì di ọ̀gá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ti dé ipò yẹn kò tíì pọ̀ nígbà náà.

Iṣẹ́ tí ó mú orúkọ rẹ̀ kàn ni ti Kóńgò. Ní oṣù Keje, 1960, Tshombe ya Katanga kúrò lára Kóńgò, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn ológun olówó-iṣẹ́ láti ilẹ̀ òyìnbó sì tì í lẹ́yìn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ọmọ ogun lọ síbẹ̀, Nàìjíríà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, wà nínú wọn. Ẹ wo bí ọ̀gá ti gun ọ̀gá ní ọdún 1961. Májọ̀ Fájuyì ni olórí ẹ̀ka C nínú bàtálíọ̀nù kẹrin. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Price, ni olórí bàtálíọ̀nù náà. Ọmọ ilẹ̀ Ireland, Sean McKeown, ni ó sì jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ náà ní Kóńgò. Àwọn tí ó wà lábẹ́ Fájuyì pẹ̀lú kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Láti igun gbogbo Nàìjíríà ni ọmọ ogun ti ń wá. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lójú ọ̀nà, Fájuyì sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ nínú ibùba náà. Àmì-ẹ̀yẹ Military Cross ni wọ́n fi san án fún un.

Nínú bárékè rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ti fún un ní mẹ́dà èkíní, nítorí pé ó mú ọ̀rọ̀ tútù láàrin ọ̀gá àti ọmọ ogun. Èkejì ni ó gbà nítorí pé ó mú àwọn ọmọ ogun bọ̀ láàyè. Bí mo bá fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, irú ẹnì kan náà ni mo ń rí: ẹni tí ó ka àwọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹrù tí a kò gbọdọ̀ sọ nù. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òyìnbó ni ó rán an níṣẹ́. Ọ̀nà tí ó gbà jẹ́ ẹ, ilé ni ó ti mú un wá.

Lẹ́yìn Kóńgò, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí bàtálíọ̀nù kìíní ní Enugu. Báyìí ni ọmọ Adó di ọ̀gá àjèjì láàrin àwọn Igbo. Ní òkè pátápátá, òyìnbó ṣì ni. Welby-Everard ni olórí ogun nígbà tí wàhálà ìdìbò ti ìparí ọdún 1964 dé, tí Ààrẹ Azikiwe àti Olórí Ìjọba Balewa kò fi ohùn ṣọ̀kan, tí òyìnbó náà sì ní láti wádìí lọ́wọ́ òfin pé àṣẹ ta ni òun yóò gbọ́. Ti Balewa ni òfin fi hàn án. Ọ̀gá àjèjì náà ní ọ̀gá, kò sì rọrùn fún un láti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì, 1965, ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀, Ironsi sì jókòó sí ipò rẹ̀.

Ironsi jẹ́ ọmọ Umuahia. Ọdún 1924 ni a bí i. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, ó sì di olórí ní 1949. Ọdún méjì péré ni ó fi ju Fájuyì lọ ní ọjọ́ orí, ọdún kan ni ó sì fi ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti inú ìlà àwọn ọmọ ogun lásán gòkè, abẹ́ òyìnbó kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìjáde òwúrọ̀, ìkíni àti ìgbọràn, Kóńgò náà sì pa wọ́n pọ̀, nítorí pé ní 1964 Ironsi ni olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ náà níbẹ̀. Nítorí náà, ilé Igbo àti ilé Yorùbá nìkan kọ́ ni ó wà láàrin wọn. Ilé kẹta wà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́, tí àwọn méjèèjì jọ dàgbà sí. Òfin ilé kẹta yìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó wà lókè ni kí a gbọ́ràn sí lẹ́nu, ibi yòówù kí a ti bí i.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1966, ni àwọn ọ̀dọ́ olórí ogun kan fọ́ òfin ilé náà. Wọ́n pa Balewa, wọ́n pa Sardauna ní Kaduna, wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá tiwọn nínú iṣẹ́ ogun. Ọ̀kan nínú wọn ni Adémúlẹ́gún, ọmọ Oǹdó, tí wọ́n pa pẹ̀lú aya rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bọ́ sí Ironsi lọ́wọ́, ó yan Fájuyì ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un kò fara rọ: ìjà òṣèlú ti 1965, tí àwọn ènìyàn ń da bẹntiróòlù sí ara wọn lára, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Ironsi gbé òfin kan jáde, òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n, tí ó pa àwọn ẹkùn rẹ́, tí ó sì sọ iṣẹ́ ìjọba gbogbo wọn di ọ̀kan. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa òfin yìí, ṣùgbọ́n ó dára kí a wò ó láti ìhà ti akọ̀wé ìjọba tí ó jókòó sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kaduna tàbí Kano. Ohun tí ó gbọ́ ni pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni láti ibikíbi lè wá jẹ́ ọ̀gá òun. Àwọn ará Gúúsù ti ṣáájú nínú ìwé. Ó mọ ẹni tí yóò wá. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ń pa àwọn Igbo ní àwọn ìlú Òkè Ọya. Ìkórìíra àti ọ̀rọ̀ ikú àwọn olórí wọn wà nínú rẹ̀, kò sí àní-àní. Ẹ̀rù ọ̀gá àjèjì náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ agbára ẹ̀rù yìí, kí ó rántí Fábùnmi.

Láti tu orílẹ̀-èdè lójú, Ironsi bẹ̀rẹ̀ sí rìn káàkiri. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ó wà ní Ìbàdàn, ó bá àwọn ọba sọ̀rọ̀, Ilé Ìjọba ni ó sì sùn sí, lọ́dọ̀ Fájuyì. Ní òru yẹn, ìṣọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Májọ̀ Theophilus Danjuma ti kó ọmọ ogun yí Ilé Ìjọba ní Ìbàdàn ká. Wọ́n mú Ironsi, wọ́n mú Fájuyì, wọ́n gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú ní ìhà Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú pọ̀ mọ́ wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì wà láàyè láti ròyìn.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà pìtàn náà. Èyí tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun kò wá Fájuyì, pé òun ni ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, tí ó yàn láti bá a lọ. Èkejì ni pé àwọn kan nínú àwọn tí ó wá gbà pé Fájuyì mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní, pé wọn kì bá ti fi í sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ fẹ́ dúró. Àwọn tí ó di ti èkíní mú a máa bínú sí àwọn tí ó di ti èkejì mú, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba iyì lọ́wọ́ òkú. N kò rí ìdí fún ìbínú náà. Ohun tí àwọn ọmọ ogun ní lọ́kàn kọ́ ni yóò sọ ohun tí Fájuyì ní lọ́kàn fún wa. Ìtàn méjèèjì fi ẹnu kò lórí pé wọ́n mú ọ̀gá nínú ilé ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, àti pé àwọn méjèèjì lọ pọ̀, wọ́n sì kú pọ̀.

Ibí yìí ni ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ti tún ṣí. Títí di òru ọjọ́ náà, ohun tí ó so Fájuyì mọ́ Ironsi ni òfin ilé tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́: olórí ni ọ̀kan, ọmọ abẹ́ ni èkejì. Nígbà tí àwọn tí ó kéré sí Ironsi nínú iṣẹ́ na ìbọn sí i, òfin náà ti kú. Kò sí ẹni tí ó lè fi í di Fájuyì mú mọ́. Bí ó bá jẹ́ òfin yẹn nìkan ni ó mọ̀, ó lè wí pé ọ̀gá tí kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ṣùgbọ́n Ironsi kò dẹ́kun láti jẹ́ àlejò. Ilé Fájuyì ni ó sùn sí. Àìgbọràn ọmọ ogun kankan kò sì lè yí ìyẹn padà. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lórí ikú yìí títí adùn rẹ̀ fi ń tán lọ, àwọn olóṣèlú sì ti fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ẹnu. Kàkà bẹ́ẹ̀, èmi a máa rántí sájẹ́ǹtì 1951, tí ó dúró láàrin ọ̀gá tí kò mọ àṣà ọmọ ogun àti ọmọ ogun tí kò mọ òfin ọ̀gá. Àárín náà ni ó tún dúró sí ní Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè mú tútù.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n yan Adéyínká Adébáyọ̀ dípò rẹ̀. Ọmọ Ìyìn ni, Ìyìn sì ni àwa ará Ìgèdè máa ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sí Adó. Ọ̀nà kúkúrú kan ṣoṣo ni ó bí gómìnà ológun méjì tẹ̀ lé ara wọn. Ìjọba kò kéde ikú Ironsi àti Fájuyì ní gbangba títí di oṣù Kìíní, 1967. Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú fún wọn: wọ́n gbé Ironsi lọ sí Umuahia, wọ́n sì gbé Fájuyì wá sí Adó.